Wọ́n Gé Òwú Kúrò Lára Oògùn Mi

Nígbà tí ọmọ mi parí ilé rẹ̀ sí Bobiel, ní Niamey níbí, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kí n fi yàrá tí mo háyà ní Wadata sílẹ̀. Mo gbà. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti sípù fún àwọn télọ̀ níbẹ̀, orúnkún ń dùn mí, n kò sì ní purọ́ pé kò rẹ̀ mí. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ mí di ọmọ ọwọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi palẹ̀ ẹrù mọ́. Niamey ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé, Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́. Balùwẹ̀ ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó kó kànrìnkàn tó ti gbó, àjẹkù ọṣẹ bíi mẹ́jọ, ike ìpara tí mo tọ́jú nítorí ìdérí wọn, àti bokiti tí kò lọ́wọ́ mọ́. Ó ń kó o, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?"

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni mo wí. "Dà wọ́n nù." Ọṣẹ dúdú mi nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí oògùn mi. Ó yọ ìgò oògùn ikọ́ kan síta. "Màmá, èyí ti perimé. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá." Ojú tì mí, torí mo mu ṣíbí kan nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo ní kó dà á sí ṣálángá. Ènìyàn kì í bá ọmọ ọlọ́mọ jà nítorí ohun tó lè pani.

Mo wá lọ dágbére fún obìnrin ẹ̀yà Zarma tí ilé wa kọjú síra. Nígbà tí mo padà dé, àpótí náà mọ́ tónítóní. Páálí oògùn tí mò ń lò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn funfun. Òwú tí mo so mọ́ wọn lára kò sí mọ́. Ó ti fi àlùmọ́gàjí gé e, ó sì ti gbá a mọ́ ìdọ̀tí.

Èmi kò mọ Faransé kà. Lọ́jọ́ tí dókítà fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, Haúsá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bó sì ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń yọ òwú nínú àpò mi. Da safe, ìyẹn àárọ̀: òwú funfun. Alẹ́: òwú dúdú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán: òwú pupa oníkókó méjì, torí hóró méjì ni. Ọdún kẹfà nìyẹn, n kò sì ṣì í lò rí.

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni," ìyàwó ọmọ mi ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mo lè ka ara páálí."

Ọmọ mi wọlé bá wa níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, yàrá àwọn ni àpótí náà yóò máa wà ní Bobiel, ìyàwó òun yóò sì máa fún mi lóògùn. "Ìyá mi, ẹ ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká máa bá yín mójú tó o."

Inú bí mi. Mo jókòó lé àpò ẹrù. "Ó dáa. Ìyàwó, kà á fún mi. Èwo ni mò ń lò láàárọ̀?"

Ó ka orúkọ oògùn. Ó ka ibi tí wọ́n ti ṣe é àti iye hóró inú rẹ̀. Ó yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí dókítà fẹnu sọ fún mi kò sí lára páálí.

"Ìwọ tó o gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ńkọ́?" mo bi ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìta ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀.

Mo gba páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wo hóró inú wọn. Kékeré roboto, ti àárọ̀. Gígùn, ti ọ̀sán. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti alẹ́. Mo fi eyín já òwú tuntun, mo sì so wọ́n padà lójú àwọn méjèèjì.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọmọ mi ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Òun náà ti rí bí òwú náà ṣe rí báyìí. Ó lè máa fún yín." Ó gbé àpótí náà fún ìyàwó rẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹrù pọ̀, oòrùn ń mú, mo wọ mọ́tò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Bobiel, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi, ife omi ní ọwọ́ kan, hóró oògùn ní àtẹ́lẹwọ́ kejì. Kò ṣì í mú. Ti àárọ̀ ni lóòótọ́. Mo súre fún un, mo gba omi, mo sì fi oògùn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ gbé àpótí mi wá."

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ojú mi. Mo di ife omi náà mú, n kò mu ún, títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé e wá fún mi.