Èènì Kóńgò Mẹ́fà

Èmi ò kì í gba ìwọ̀sí lórí ọjà mi. Oúnjẹ adìẹ ni mo ń pò tà l'Éjìgbò, àgbàdo lílọ̀ àti kúlíkúlí lílọ̀, mi ò sì bu yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn rí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí bàbá kan tó ń sin adìẹ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, sọ pé oúnjẹ mi kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé ẹyin adìẹ òun ń dín kù, inú bí mi gan-an.

“Bàbá, ṣé olè lẹ̀ ń pè mí ni?”

“Rárá o, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.”

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Nígbà tí ọjọ́ tó máa ń wá rajà pé, n ò rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, n ò rí i. Mo ń fẹnu sọ pé kó máa lọ, pé oníbàárà pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ta ni yóò gbọ́ pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ fi mí sílẹ̀ tí kò ní rò pé màgòmágó ni mò ń ṣe?

Àsìkò yẹn ni ọmọbìnrin mi ń múra ìdánwò àṣejáde girama. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fapá jánú. Wọ́n ní kó po omi oníyọ̀ méjì pọ̀, ọ̀kan mú, èkejì kò mú tó o, kó sọ iye tí yóò bù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, “Ta ló ń po omi iyọ̀? Fi oúnjẹ adìẹ ṣe é.”

Mo wá sọ fún un ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ. Àgbàdo ní purotéènì mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kúlíkúlí ní ogójì, adìẹ tó ń yé sì ń fẹ́ ogún. Kóńgò ọgbọ̀n ni bàbá ń rà, ogún lọ́nà ọgbọ̀n sì jẹ́ ẹgbẹ̀ta. Ọmọ mi pe àgbàdo ní a, ó pe kúlíkúlí ní k, ó kọ ìlà méjì:

a + k = 30
10a + 40k = 600

Ó fi mẹ́wàá pín ìlà kejì, ó yọ ìlà kìíní kúrò nínú rẹ̀. Àgbàdo pòórá, kúlíkúlí nìkan ló kù: kóńgò mẹ́wàá. Àgbàdo wá jẹ́ ogún. Bí mo ṣe ń pò ó gẹ́lẹ́ nìyẹn! Mo pàtẹ́wọ́, mo ní kó kọ ọ́ dáadáa kí n lè fi han bàbá aláhesọ yẹn.

“Mo tún máa ń fún un léènì lé e!”

Ọmọ mi gbé kálámù dúró. “Èènì kí ni, Màámi?”

“Àgbàdo ni. Kóńgò mẹ́fà.”

Kóńgò kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ mi ni mò ń fi kún un. Àgbàdo ni mo máa ń dà lé e lórí, torí òun ni kò wọ́n. Ẹ má fojú burúkú wò mí, ta ló ń fi kúlíkúlí ṣèènì?

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe,” ni ọmọ mi wí. Ó pa ọgbọ̀n rẹ́, ó kọ mẹ́rìndínlógójì. Ó pa ẹgbẹ̀ta rẹ́, ó kọ 720, ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rìndínlógójì. Ó ṣe é tán, ó yí ìwé sí mi. “Kúlíkúlí méjìlá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mẹ́wàá lẹ̀ ń fún wọn. Èènì yẹn ló ń ba oúnjẹ jẹ́, Màámi.”

Bí mo ṣe ń fẹ́ràn bàbá yìí tó ni mò ń ba oúnjẹ adìẹ rẹ̀ jẹ́ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọn kúlíkúlí kóńgò méjì sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bàbá ń gbá inú ilé adìẹ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan a àti k.

Bàbá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Mo ti mọ̀ pé èènì ni, ó ti pẹ́.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Ọmọ mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ẹni tó ń ṣe mí lóore pé kó yéé ṣe é?”

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti dìde. Òun ló fà mí lọ́wọ́ sókè, ó wá wọlé lọ mú àpò tí yóò fi rajà.