Ọ̀nà Tó Parí Sẹ́sẹ̀ Òkè Ló Pa Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lá

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lá Ògúnlẹ́yẹ ti kú. Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé àgbẹ̀ kan ló kú sí, bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nínú òjò. Ìjọba ìbílẹ̀ tó rán an lọ síbẹ̀ wá ń kéde pé ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣubú? Ta ló tì í?

Ọmọ Okokomaiko ní Èkó ni. Àdúgbò Igbó-Elérin níbẹ̀ la jọ ń gbé. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló dàgbà sí, kò fojú kan òkè rí àfi nínú ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí apá Òkè-Ògùn, tí wọ́n ní kó máa tọ́jú àwọn ará Òkè-Àràbà, Abà Ọdẹ àti Ìdí-Ẹmi, ìyá rẹ̀ sunkún. Òun ń rẹ́rìn-ín. Tó bá wálé, á máa fọwọ́ júwe ibẹ̀ fún wa: bí Òkè-Àràbà ṣe jókòó sórí àpáta bíi fìlà, bí Abà Ọdẹ ṣe há sáàárín òkè méjì tí oòrùn kì í tètè débẹ̀. Ìdí-Ẹmi ló jìnnà jù. Wàá gbọ́ ohùn àwọn ará ibẹ̀ tipẹ́ kí o tó rí òrùlé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó sí Ìyànà-Ìbà kí ẹ máa fa èéfín mọ́tò símú," ló máa ń sọ fún mi.

Ẹsẹ̀ ló fi ń gun gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà wà o, ẹsẹ̀ òkè ló parí sí. Katapílà débẹ̀ nígbà kan, àwọn ọ̀gá ya fọ́tò níwájú ẹ̀, katapílà bá yí padà. Wọ́n wá ri pátákó mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀nà sí abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti parí. Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Ṣé àwọn tó ń gbé aláboyún kọ́ èjìká kọjá lábẹ́ pátákó náà ni?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó lọ fún àwọn ọmọ Ìdí-Ẹmi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òjò ká a mọ́ ọ̀nà bó ṣe ń bọ̀, àpáta yọ̀, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ yọ síta. Fàtáì, àgbẹ̀ kan ní Abà Ọdẹ, ló gbọ́ igbe rẹ̀. Òun náà ló bá òkú wá sí Èkó.

"A pe ọkọ̀ ìlera ìjọba," ó ní. "Awakọ̀ ní òun ò lè kọjá ibi pátákó. A ní kó gbé ibùsùn aláìsàn wá pàdé wa, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun. La bá yọ ilẹ̀kùn ilé mi. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wa bí a ṣe máa di ẹsẹ̀ òun. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. A rò pé ó sùn lọ ni."

Awakọ̀ ò gbé òkú rẹ̀. Ó ní aláìsàn lòun ń gbé. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín iṣu, ni òkú òṣìṣẹ́ ìjọba gbà wálé.

Ẹ wá wo ìríra. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ ń lọ ní Ìbà, ìjọba ìbílẹ̀ rán Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé wá, òun àti ayàwòrán. Ó yin òkú títí ẹnu ń yọ ìfófòó. Màmá Wúràọlá, ìyá olóògbé, gbọ́ ọ tán.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, abúlé wo lọmọ mi ti ń bọ̀?"

"Màmá, àwọn abúlé orí òkè yẹn ni."

"Wọn ò lórúkọ ni?"

Ó ní kí Màmá sún mọ́ òun, kí wọ́n ya fọ́tò. Màmá kọ ẹ̀yìn sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Dámilárá, aládùúgbò wa, dá mi dúró. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, àwọn abúlé yìí kan náà ni wọ́n sì rán an lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kó lọ?"

Àwọn ará òkè nílò nọ́ọ̀sì, àmọ́ ọ̀nà tó pa Ọmọ́bọ́lá ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń bi. Ta ló buwọ́ lu ọ̀nà tí kò sí pé ó ti parí? Ta ló ní kí katapílà yí padà? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba, kí wọ́n lọ rojọ́ níwájú adájọ́. Dámilárá ò gbọdọ̀ ṣáájú ọ̀nà dé orí òkè yẹn. Ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ débẹ̀.