Tásà Tó Tò Dípò Ìyàwó Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò kẹ́yìn pọ̀, tásà ló ń wá. Ẹni tó ń ta tásà ní ọjà Ìgòlò, tí tásà kún yàrá rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná wa, tó ń gbé èyí wò, tó ń gbé ìyẹn tì.

“Kí lò ń wá?”

“Èyí tí kò dára jù, tí kò sì burú jù,” ó dáhùn. “Bó bá dára jù, wọn á jí i. Bó bá burú jù, wọn á gbé e jù sí ààtàn.”

Ó wá rí i: tásà kékeré funfun kan, etí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, tó ti họ nídìí. Òun ni mo fi ń bu omi gbígbóná fá irùngbọ̀n láti ìgbà tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Lagbé.

“Ìyá wọn, tèmi nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Ẹ fi kọ́ọ̀pù fá a lónìí. Irùngbọ̀n yín ò ní sá lọ.”

Ó sọ òkúta kan tó tó ìkúùkù sínú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e, ó dì í mọ́ ẹrù rẹ̀, ó pe ọlọ́kadà, ó sì lọ sí ọjà. Mo fi kọ́ọ̀pù fá irùngbọ̀n, mo sì fi abẹ ya ara mi lábẹ́ àgbọ̀n. Inú bí mi díẹ̀. Ohun tí mo rántí jù nípa àárọ̀ náà nìyẹn, ìbínú kékeré tí ènìyàn máa ń bí nígbà tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé á padà wálé.

Tábúlẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ lọ fi tásà náà tò fún. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin wà ní Kánádà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, ọmọdébìnrin tó ti pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ọmọ náà kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì yára sọ ọ́. Ó fún ìyàwó mi lórúkọ: yóò fi ọwọ́ méjèèjì yí orí rẹ̀ ká bí ẹni tó ń wé gèlè. Ó fún èmi náà: yóò fi ìka kan fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀ bí abẹ, nítorí pé ó rí mi nínú fóònù níjọ́ kan tí mo ń fá irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n fóònù wa kéré. Bí ọmọ náà bá ti ń sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ á kàn máa kọjá fìrìfìrì bí ẹyẹ. Ìyàwó mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, á gbé fóònù súnmọ́ra títí imú rẹ̀ á fi kan gíláàsì.

“Ó sọ nǹkan kan tí mi ò rí,” ni yóò máa wí lẹ́yìn rẹ̀. “Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì rí i.”

Ó wá di pé ọmọ náà kì í fẹ́ pẹ́ lórí fóònù mọ́. Yóò sọ gbólóhùn kan, yóò dúró de èsì, nígbà tí èsì kò bá dé, yóò sá lọ ṣeré. Ohun kan ṣoṣo tó ń ba ìyàwó mi lẹ́rù lọ́dún náà nìyẹn, pé ọmọ náà á jáwọ́ lára wa kí a tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo ní “a”, àmọ́ òun nìkan ló ń kọ́ ọ. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé, mi ò mọ̀ ju orúkọ wa méjèèjì lọ nínú èdè ọmọ ọmọ mi. Ìyàwó mi, tí kò parí ìwé mẹ́fà, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún mi. Bí ìpè bá wọlé, n ó kí ìyá ọmọ, n ó béèrè iṣẹ́ àti òtútù, n ó sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́, n ó wá jókòó tì í bí àlejò.

Lọ́dún yẹn ni tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun kan gba ìgboro. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ìwé ńlá, bátìrì rẹ̀ sì ń lo ọjọ́ méjì láìrí iná, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré ní agbègbè Ìfọ̀nyìn wa lẹ́bàá bodè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá a, oníṣòwò ń wá a, áfáà àti kátíkísì ń wá a. Ọmọ wa ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ni kò sí. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń tà á ní Ìgòlò. Páálí kan ló ń dé lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin péré ló ń wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan láti Tchaada pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan, wọ́n pín ọjọ́ tí kálukú á máa lò ó. Télọ̀ kan láti Ko-Koumolou kò lè dúró, ó kọjá bodè lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ó délé, ó ṣí páálí, táìlì ilẹ̀ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà wé dáadáa. Ó ń fi táìlì náà tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ báyìí bó bá ń gé e, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń bi í bóyá ó ti gba iná kún.

Èmi gba ìwé gbọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé kan tí wọ́n á máa kọ orúkọ sí bí ènìyàn bá ṣe ń dé. Èmi fúnra mi ni mo fi rúlà fa ìlà rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. Mo lọ sílé, mo fọkàn balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta páálí dé. Ọmọge tó ń tajà ní àlejò ni òun níbẹ̀, pé ẹni tó ń tà tẹ́lẹ̀ ti lọ, òun kò sì rí ìwé kankan. Àwọn tó bá lẹ́nu ọ̀nà ló tà á fún.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó.

“Mẹ̀tírì,” ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọjà ń pe olùkọ́, òun kì í sì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìwé yín ò lẹ́sẹ̀. Kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ṣé kí n wá lọ dúró níbẹ̀ fún oṣù kan ni?”

“Ta ló ní kí ẹ dúró? Tásà á dúró.”

Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ òfin yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ń kán tó tó lẹ́nu ẹ̀rọ, a kì í dúró sínú oòrùn. A ó to garawa, igbá àti abọ́ sílẹ̀, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ. Ohun tí o gbé sílẹ̀, ìwọ nìyẹn. Bí ìlà bá ṣe ń lọ, ẹni tó wà nítòsí á máa ti abọ́ gbogbo ènìyàn síwájú. Ẹni tó bá gbé abọ́ ẹlòmíràn kúrò kò ní bu omi lọ́jọ́ náà, ó sì lè pẹ́ kó tó rí ẹni tó máa kí i. Òfin ẹ̀rọ omi yìí ni àwọn obìnrin Ìgòlò gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo ní ìwà àìlajú ni. Faransé ni mo fi sọ ọ́, kó lè dùn ún.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, ó padà dé lọ́sàn-án. Ó ní tásà mi ni ìkẹrìndínlógún, abọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ, tí ìsọ̀ wọn jọ kọjú síra, ló tẹ̀lé e. Ó jẹun díẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ wò ó. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ‘mo ti jẹun’ nìyí.” Ó kó ìka jọ, ó gbé e dé ẹnu, ó wá yí ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó da omi nù. “Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe é.”

“N ó ṣe é bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá dé,” ni mo wí. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bí dókítà ṣe sọ lẹ́yìn náà. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, kò dá wa mọ̀ mọ́. Ó lọ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì. A sin ín lọ́jọ́ kejì.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń jókòó tì mí, wọn kò sì fi dandan mú mi sọ̀rọ̀. Irùngbọ̀n mi hù, ó funfun. Ọmọ wa wá, ó sì padà. Mi ò rántí tásà rárá.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, nígbà tí àwọn èrò ti túká, ìyá ọlọ́ṣẹ dúró sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Mẹ̀tírì, ẹ kú ìrọ́jú. A ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọjà wọlé ọ̀fọ̀ ni. Tásà yín ti di ìkẹrin. Wọ́n ní páálí á dé lọ́la. Ẹ wá dúró tì í.”

“Tásà wo?”

“Èyí tí ìyàwó yín gbé síbẹ̀ kẹ̀.”

Páálí mẹ́ta ló ti dé láàárín ogójì ọjọ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìlà sún, wọ́n ti tásà náà síwájú. Mo ṣírò ohun tó sọ yìí, mo sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló wà ní ipò karùn-ún.

“Ẹni tó ni ín ti lọ,” mo ní. “Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin ló kàn.”

Ó wò mí bí mo ti máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fetí sílẹ̀.

“Ṣé torí ojú ara rẹ̀ nìkan ló ṣe fẹ́ ẹ ni? Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ọmọ náà ò sí mọ́ ni? Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ mọ́, ẹ jàre.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Láti òkèèrè ni mo ti rí tásà mi láàárín àwọn igbá, ike àti bàtà ẹlẹ́yọ kan. Òkúta rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló dúró lórí rẹ̀ tó ń tọ́ka sí i.

“Ta ló ni èyí? Wọ́n ní ẹni tó gbé e síbí ti kú. Òkú ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fọwọ́ kàn án ká wò ó,” obìnrin kan dáhùn.

“Ẹ̀yin tí ẹ dé láàárọ̀ yìí! Tásà yẹn ti gba òjò mẹ́ta,” obìnrin mìíràn fi kún un.

“Ká ní ìyá alátásà wà níbí ni, tásà yẹn ì bá ti dé orí yín bíi fìlà!”

Ẹ̀rín ta. Ìyá ọlọ́ṣẹ rí mi. “Ẹni tó ni ín rèé,” ó ní. “Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀. Tásà tó fi ń fá a ló wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ yìí.”

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo tásà. “Pàdọ́ọ̀n, bàbá, pàdọ́ọ̀n. Mi ò mọ̀ ni.” Mo dárí jì í tọkàntọkàn. Ohun tó sọ ni èmi ì bá sọ ní oṣù méjì ṣáájú.

Páálí dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ìkẹrin fún mi, ọmọge náà bá mi fi káàdì sínú rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ọlọ́ṣẹ dúró tì mí lọ́wọ́ òfo. Mo mọ̀ pé ó ní ọmọkùnrin kan ní Gàbọ́ọ̀n tí kò rí lójú láti ọdún márùn-ún. Ká ní ó dákẹ́ nílé mi lánàá, tirẹ̀ ni ì bá jẹ́, èmi ì bá má sì mọ̀ títí n ó fi kú. Mo na tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí i.

“Ẹ máa lọ sílé,” ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti abọ́ rẹ̀ síwájú, ó gbé tásà mi, ó nù ún mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. “Èmi ni àkọ́kọ́ báyìí. Ta ló tún ṣoríire tó mi?”

Tirẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti dúró tì í lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ rẹ̀ kò nílò mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì. Kò lè dá dúró, èdè ọmọ náà sì gba ọwọ́ méjèèjì. Mo fi tásà ìfárùngbọ̀n tì í lẹ́yìn pẹ̀lú òkúta nínú rẹ̀ kó má baà yẹ̀. Mo pè wọ́n.

Ojú ọmọ ọmọ mi kún ibẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ hàn, títí kan èyí tó fi báńdéèjì wé. Ó wo irùngbọ̀n mi pẹ́, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé ojú sókè láti béèrè bóyá èmi náà ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó rọra fi ọwọ́ méjèèjì yí orí ká bí ẹni tó ń wé gèlè, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi náà wé e. Mi ò ṣe é rí.

Ẹ̀rù bà mí pé yóò sá lọ ṣeré. Ó kó ìka jọ sẹ́nu, ó ń wò mí. Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo kó ìka jọ, mo gbé e dé ẹnu, mo yí ọwọ́ padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Inú ni mo yí ọwọ́ sí. Ó ṣe é fún mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń ṣe fún ọmọ ìkókó. Mo yí ọwọ́ méjèèjì síta. Ó mi orí pé ó tọ́, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.