Agbẹ́kànga Basawa àti Omi Yùrópà

Lọ́jọ́ tí Adébánjọ agbẹ́kànga gbé ìwé iye iṣẹ́ lọ sí yunifásítì, pé òun fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí Yùrópà, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, kóòtù tó fi gbéyàwó ló wọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò pàdé mọ́. Hosea, ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún, tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú páìpù gígùn kan léjìká, kí oníbàárà lè rí irú ọjà tí wọ́n ń lò.

Dókítà Iredọlá, obìnrin tó ń kọ́ni ní físíìsì, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, páìpù ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé ẹgbẹ̀ta àti mẹ́tàdínláàádọ́rin?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé yìnyín orí Yùrópà lè nípọn tó ogún kìlómítà. Páìpù mi kan, mítà mẹ́ta ni. Ẹ pín in wò."

"'Oúnjẹ òṣìṣẹ́ méjì' ń kọ́?"

"Èmi àti Hosea."

Hosea sọ páìpù kalẹ̀ gbàà. "Haba, Ọ̀gá! Ban ce zan je ba!" Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ o.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà. Bó ṣe sọ nìyẹn nígbà tí a ń lọ Dakace."

Dókítà wá dé ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí gbogbo àdúgbò wọn ní Basawa mọ̀ lórí títí dòní: *Bí a kò bá kan omi, a ó gbẹ́ òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, lórí òṣùpá kan náà.*

Ẹ̀rín ọ̀rọ̀ yìí ti dé àdúgbò kí Adébánjọ fúnra rẹ̀ tó dé. Monísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Garawa omi wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ẹni tó bá sì ru omi kì í fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín. Àwọn Hausa àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀ ní Mai Rijiya, èyíinì ni oníkànga. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn dọ́ba. Kò sì sí kànga kankan nínú ọgbà rẹ̀.

Ó ti ṣèlérí. Lọ́dún tí Monísọ́lá pé márùndínlọ́gọ́ta, ó yọ̀ ṣubú pẹ̀lú omi lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Adébánjọ di ọwọ́ náà fún un, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, kí o tó pé ọgọ́ta ọdún, omi á máa yọ nínú ọgbà yìí. O ò ní ru omi mọ́." Monísọ́lá fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀.

Níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Samaru ni ọkọ rẹ̀ ti kó àrùn òṣùpá. Wọ́n ní kí Dókítà Iredọlá wá bá àwọn èwe sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣùpá tó ń yí àwọn ayé mìíràn po, bóyá ohun ẹlẹ́mìí lè wà níbẹ̀. Ìrẹsì ló gbé Adébánjọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà sọ pé omi abẹ́ yìnyín Yùrópà lè tó ìlọ́po méjì gbogbo òkun ayé, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ tún un sọ."

Dókítà tún un sọ. Ó ní ńṣe ni Júpítà ń fà á tó tún ń dẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ìyẹn ni inú rẹ̀ fi móoru tí omi náà kò fi dì tán. Ó sọ ti òṣùpá Sátọ̀ọ̀nù kan pẹ̀lú, Ẹnsẹládọ́ọ̀sì, tí omi ń tú jáde láti ibi tí yìnyín rẹ̀ ti sán.

Ojú Adébánjọ korò. "Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, Bàbá. Fúnra rẹ̀ ló ń tú."

"Kò sí ẹ̀rọ? Kò sí dísẹ̀lì?"

"Kò sí."

"Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Òṣùpá bẹ́ẹ̀ máa ba iṣẹ́ jẹ́."

Nígbà tó gbọ́ pé Táítánì, òṣùpá Sátọ̀ọ̀nù mìíràn, ní adágún tó jẹ́ kìkì gáàsì tó di omi, ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ rọra sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Abuja, gáàsì á wọ́n níbẹ̀ náà."

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n pè é sí Danmagaji láti ṣí kànga kan tí wọ́n ti dé pa fún ọdún mọ́kànlá. Ó bá ọ̀pọ̀lọ́ kan níbẹ̀, funfun bí ẹ̀kọ. Inú kúlà tí Monísọ́lá fi ń gbé oúnjẹ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e sí, ó di ọ́fíìsì Dókítà.

"Ẹ ní oòrùn kò dé inú omi Yùrópà. Oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ eléyìí náà."

Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé kòkòrò tó ń gba ihò ìdérí kànga já bọ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ, pé bí ohun ẹlẹ́mìí bá wà ní Yùrópà, ó ṣeé ṣe kó kéré débi pé ojú lásán kò ní rí i. "A kò sì tíì rí ohunkóhun, Bàbá. Ó lè má sí."

"Ẹ ti gbẹ́ ẹ?"

"Rárá."

"Ẹni tí kò gbẹ́ kò lè ní kò sí."

Dókítà dé kúlà náà, ó gbé e padà fún un. Monísọ́lá fọ kúlà náà lẹ́ẹ̀meje, ó sì fi ta ẹni tí kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ́rẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra lọ sí Yùrópà lọ́dún 2024, tí Dókítà sọ pé ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni yóò fi rìn, pé kò sì ní balẹ̀, yóò kàn máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, yóò máa wò ó, inú bí Adébánjọ fún ọjọ́ mẹ́ta. "Wọ́n rin ọdún márùn-ún ààbọ̀ lọ sídìí kànga, wọn ò mú gúgà ìfami àti okùn dání!"

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀rín yìí dénú Monísọ́lá ni ihò tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ihò mẹ́ta ni Adébánjọ ti gbẹ́. Àpáta dá àkọ́kọ́ dúró. Èkejì mú ẹrẹ̀ jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbẹ. Ìkẹta kò mú nǹkankan jáde ju eruku lọ. Lọ́gbà ẹlòmíràn, yóò fi ahọ́n tọ́ ẹrẹ̀ wò, yóò ní "Omi ku páìpù mẹ́rin," yóò sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lọ́gbà tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù, ó sì wọlé.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Òun ló gbẹ́ kànga fún gbogbo àwọn tó kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ yí wọn ká, ilé mọ́kàndínlógún, ẹ̀rọ wọn sì ń fa omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ omi kúrò lábẹ́ ilé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dókítà wá kí wọn. Adébánjọ ti ń wúkọ́ nígbà náà, eruku àpáta ti kún àyà rẹ̀. Ó bi í pé, "Dókítà, omi tó tó ìlọ́po méjì òkun yẹn, ẹnikẹ́ni kò mu ún?"

"A kò mọ̀, Bàbá. Bóyá ló rí ẹni mu ún."

"Ìyàwó mi sì ń ru omi," ló wí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ ihò kẹrin lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ikọ́ náà.

Oṣù kejì ọdún ló kú. Monísọ́lá yóò pé ọgọ́ta nínú oṣù kẹta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Hosea wá láti dí ihò náà, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kó sí i. Ó ti po sìmẹ́ǹtì tán kí Monísọ́lá tó jáde.

"Hosea, páìpù mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan, Màmá. Ọ̀gá ní òun máa tì í wọlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Tì í wọlẹ̀."

Ó tì í wọlẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké fún wákàtí kan. Ohun tó jáde, Hosea gbà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e wá fún un wò. Eruku ni. "Babu," ló wí, pé kò sí nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Monísọ́lá mi orí pé kó dí i. Hosea da sìmẹ́ǹtì náà sí i, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta, Monísọ́lá gbé garawa, ó gba ìdí kànga àtijọ́ lọ, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń tò fún omi. Láti ọdún márùn-ún, iwájú ni ó máa ń bá ààyè rẹ̀, a ti fi korobá kan dì í mú fún un. Ó rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ àgbà ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú, àwọn aládùúgbò ló ń bá a pọn omi wá sílé; lọ́jọ́ yìí tó tún wá fúnra rẹ̀, kò sí korobá. Ó wo ìlà náà títí dé ìsàlẹ̀, ó gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tọ́lá," Sarat wí, obìnrin Ìlọrin tí ilé wọn jọ kángun síra. "A gbàgbé pé kò sí ẹni tó máa gbé e sí i mọ́."

"Ta ló ń gbé e sí i?"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹnìkan.

"Wallahi, Bàbá ni," ni Sarat wí. "Ìdájí ló ń dé. Á fi málàfà, akẹtẹ̀ ńlá yẹn, bo ojú, á wọ aṣọ Hosea, ṣòkòtò rẹ̀ á wá mọ orúnkún. Hosea ló sọ fún wa pé ó ní kò yẹ kí wọ́n rí agbẹ́kànga nídìí kànga oníkànga."

"Ẹ kò sì mọ̀ ọ́n?"

"Haba! Ta ni kò ní mọ ẹni tó ga bí òpó iná? 'Sannu, Malam,' là ń kí i, bí àlejò. Òun náà á wá yí ohùn padà, á máa dáhùn láti imú. Ó tún máa ń bínú bí kànga náà ṣe rí. Á ní, 'Àwọn wo ló gbẹ́ eléyìí ná?' A ó ní a ò mọ̀ o, Malam. Tó bá ti kan iwájú, á gbé korobá sílẹ̀, á sì sá lọ kí ẹ tó dé."

Monísọ́lá ti rò pé ẹ̀rọ ló ń lọ yẹ̀ wò ní gbogbo ìdájí yẹn. Ó rí i lójú inú rẹ̀, ọkùnrin gíga nínú ṣòkòtò kúkúrú, tó ń sọ̀rọ̀ láti imú. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, ó di ìdí garawa mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ bọ́ síwájú, Màmá," ni Sarat wí, ó ń fà á lọ́wọ́. "Ẹ wá kọ́kọ́ pọn."

"Rárá, ọmọ mi. Ó ti bá mi tò tó."

Ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ ìlà, ó gbé garawa rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo ti ìyókù, ó sì dúró.