Wọ́n Ti Sọ Ìyá Náà Di Àjẹ́ Kí A Tó Ṣí Ìwé

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ní Mowe ti fi yé mi pé bí àwọn ọmọ kíláàsì mi kò bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí a yàn fún wọn, òun yóò fi àkókò mi kún ti kọ̀ǹpútà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni ìwé náà ti wà nínú báàgì wọn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Wọ́n ní Yorùbá inú rẹ̀ ti le jù. Fóònù nìkan ni kì í le fún wọn.

Mo bá ta ọgbọ́n kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan láti inú ìwé náà sójú pátákó: ọ̀wẹ̀, àna, ìyá ìyàwó, òru, ẹkún. Mo ṣàlàyé ọ̀wẹ̀ fún wọn, pé ọkọ ìyàwó ló ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna. Mo ní kí wọ́n má tíì ṣí ìwé o, kí wọ́n kàn fi àwọn ọ̀rọ̀ yẹn méfò ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí màmá rẹ̀ ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló kọ́kọ́ dìde.

“Mà, kò tiẹ̀ le! Àjẹ́ ni ìyá yẹn jàre. Wọ́n á mú un ní vigil, á wá máa confess.”

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa yìí, bí ìyá àgbàlagbà bá ti sunkún lóru nínú ìtàn, ẹjọ́ rẹ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Àwọn díẹ̀ ń jiyàn, ariwo sì ta. Inú mi ń dùn, àmọ́ mo fajú ro. Mo ní, “Ó dáa, ẹ ṣí ìwé, ká mọ ẹni tó jàre.”

Wọ́n ń kà á sókè, bí ọ̀kan ti ń jókòó ni èkejì ń gbà á. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ro oko àna tán, ilẹ̀ ṣú, ìyá ìyàwó wá jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ń lọ sílé ọkọ. Kò ní í sí ẹni tí yóò máa dá a lóhùn nínú ilé mọ́.

Aago lù, kò sẹ́ni tó dìde. Ìgbà náà ni mo rí ọ̀gá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọbìnrin aládùúrà wa ti nawọ́ sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Mà, a purọ́ mọ́ ìyá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kà á lọ, ká mọ̀ bóyá ọmọ ẹ̀ padà wá wò ó.”

Ọ̀gá àgbà fa àga kan, wọ́n jókòó.

“Ta ló kàn?” ni wọ́n wí. “Èmi náà fẹ́ gbọ́.”