Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ta Oorun

Ọkùnrin tó kọ pátákó ìpolówó fún Onísólà kórìíra àmì ohùn bí ọmọdé ṣe ń kórìíra oògùn kíkorò. Ó ní ńṣe ni wọ́n ń jọ ìdọ̀tí eṣinṣin lórí iṣẹ́ òun tó dán. Onísólà bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí dídi sí i. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ohun tó wà lójú pátákó náà, gàdàgbà gadagba, ni A N TA OORUN NIBI.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ kúkú mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ìyẹn yọ. Oòrùn tó ń ràn lókè ni obìnrin náà ní lọ́kàn. Páńẹ́lì sólà àti bátìrì ló ń tà. Àmọ́ ọ̀dà ò tíì gbẹ dáadáa tí arábìnrin kan fi yà wọlé, tó ń béèrè lọ́fínńdà tí òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Awakọ̀ kan náà wá béèrè iye tí wọ́n ń ta tìmùtìmù. Àwọn aládùúgbò, tí kò sóhun tí wọn ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, bá sọ ọ́ ní Ìyá Oorun. Kò bínú. Ká sòótọ́, orúkọ náà bá a mu ju bó ṣe fẹ́ gbà lọ.

Nítorí obìnrin yìí fẹ́ràn kó máa lálàá lójúmọmọ. Tó bá ti gun òrùlé oníbàárà, tó de páńẹ́lì tán, kì í tètè sọ̀ kalẹ̀. Á jókòó sórí páànù tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á káwọ́ gbera, á máa wo ìkùukùu tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Aṣọ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn nísàlẹ̀, ohùn àwọn ọmọ iléèwé á máa dún wá láti ọ̀nà jíjìn bí ohùn tí èèyàn ń gbọ́ lójú oorun. Lókè yẹn, gbogbo nǹkan máa ń fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó máa ń wí fún ara rẹ̀ pé, iná tí kò pariwo, tí kò rú èéfín, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé láràárọ̀, kí lèèyàn tún ń wá? Ìfẹ́ ti bò ó lójú, kò rí àléébù kankan lára oòrùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹjú mọ́ pátákó náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú.

“Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ lẹ̀ ń ta oorun níbí?”

Onísólà rò pé yẹ̀yẹ́ tó ti mọ́ ọn lára ni. “A ń tà á, mà. Èwo lẹ fẹ́, tọ̀sán àbí tòru?”

“Tòru ni,” ni ìyá náà wí, ló bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Onísólà. Ó fa àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tí ẹkún náà fi rọlẹ̀. Agbẹ̀bí ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́, aboyún tó ń rọbí kì í jẹ́ kó sùn, ó sì ti pinnu pé tóun bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oorun nìkan lòun máa fi ayé òun ṣe. Àmọ́ káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Eruku pákó tó ti ń fà símú láti ìgbà èwe ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, àfi tó bá so ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ mọ́ imú kó tó lè sùn. Iná ìjọba sì rèé, ìgbà tó bá wù ú ló ń lọ.

“Etí ni mo fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà,” ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. “Tó bá ti dákẹ́, mo ti dìde, mo ti gbé e jókòó, mo ti sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Tí mo bá wá sùn, tí mi ò gbọ́ ńkọ́? Ta ló máa jí mi?”

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Onísólà ti de páńẹ́lì sórí ilé wọn, ó ti to bátìrì sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ó fọwọ́ sọ̀yà. “Ẹ lọ sùn, mà. Oòrùn ti gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ lọ́wọ́ yín.”

Lóòótọ́ ni màmá sùn. Gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ fi mọ́ kedere, tí ilẹ̀ fi gbẹ, ó sùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Tó bá pàdé Onísólà lójú ọ̀nà, á gbá a mọ́ra láàárín èèyàn, á máa pè é ní dókítà òun. Inú Onísólà á dùn ṣìnkìn, á sì máa rìn lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

Ìgbà tó yá, òjò dé. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó ń dá o, èyí tó ń rọ̀ wínníwínní látàárọ̀ dalẹ́ ni, tí ojú ọ̀run wálẹ̀ débi pé ó fẹ́ẹ̀ kan òrùlé. Gbogbo àdúgbò rí bí ohun tí wọ́n fi òwú wé. Onísólà ò fura. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo omi tó ń ṣàn lára gíláàsì, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Agbẹ̀bí wọlé, aṣọ rẹ̀ rin, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n padà bíi tàtẹ̀yìnwá.

“Oorun tó o tà fún mi ti tán,” ló wí.

Bátìrì ló kú kílẹ̀ tó mọ́. Ariwo tí ẹ̀rọ ṣe kó tó dákẹ́ ni màmá gbọ́ lójú oorun, ó sì rò pé àlá ni. Nígbà tó máa fi lajú, ètè ọkọ rẹ̀ ti ń dú. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, jẹnẹrétọ̀ gbà láti tan.

Onísólà dìde. Kò wá àwáwí. Ó gbé àkàsọ̀, ó tẹ̀ lé màmá lọ. Lórí òrùlé, ó rí gbogbo ohun tí ìfẹ́ ò jẹ́ kó rí. Ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ti lẹ̀ mọ́ páńẹ́lì nísàlẹ̀. Igi máńgòrò inú àgbàlá ti yọ ẹ̀ka tuntun, òjìji rẹ̀ sì ń bò wọ́n láàárọ̀. Èyí tó dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣìṣe: ó ṣírò agbára bátìrì náà bíi pé oòrùn máa yọ lójoojúmọ́ ayé.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Káfíńtà ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Oorun, ṣé oòrùn tiyín máa ń gba ìsinmi ni?”

“Ó máa ń gbà á, sà. Èmi ni mi ò sọ fún yín.” Ó kúnlẹ̀. “Tí òjò bá ṣú, kì í wọlé dáadáa. Eruku ń dí i lọ́wọ́, òjìji ń dí i lọ́wọ́, bátìrì náà sì ń darúgbó. Ẹ̀tàn ni mo fi ta ọjà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara mi gan-an ni mo kọ́kọ́ tàn jẹ.”

Ìyá Agbẹ̀bí gbé e dìde. Ó wá bi í pé, “Ṣé kò wá sọ́nà àbáyọ ni?”

Ọ̀nà wà. Bátìrì mìíràn ni Onísólà gbé wá, èyí tí kò sí ohun mìíràn tó ń mu iná nínú rẹ̀ ju ẹ̀rọ mímí lọ. Ó wá hàn pé lálaalẹ́ ni màmá máa ń lọ aṣọ ọkọ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù náà sì ti ń fa iná mu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n sún aṣọ lílọ̀ sí ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá wà lórí. Ó so iná ìjọba mọ́ bátìrì, kó lè máa rọ ọ́ kún nígbàkigbà tó bá yọjú. Sílíńdà afẹ́fẹ́ kan dúró sí kọ̀rọ̀ de ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀. Ti igi máńgòrò ló ṣòro. Bàbá Káfíńtà ní gbogbo igi tóun gé láyé òun, èyí nìkan lòun gbìn. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sójú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ ló sì nàka sí ẹ̀ka tí wọ́n máa gé, kò fi ju ẹyọ kan lọ.

Síbẹ̀, màmá ò sùn. Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, àmọ́ etí rẹ̀ ò gbà. Oorun ti bẹ̀rù rẹ̀, òun náà ti bẹ̀rù oorun.

Ni Onísólà bá ṣe ohun tí kò sí nínú ọjà tó ń tà. Ó so agogo kékeré kan mọ́ bátìrì náà, kó máa dún nígbà tí iná inú rẹ̀ bá kù díẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá tán. Ó tún ṣe é débi pé fóònù tirẹ̀ nílé á máa dún pẹ̀lú rẹ̀. “Ẹ má ṣọ́ ọ mọ́, mà,” ló wí. “Ó máa pè mí. Tó bá pè mí, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín.”

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Onísólà lọ nu páńẹ́lì wọn lọ́sàn-án. Ojú òun náà ti pọ́n, torí fóònù ò dún rí, àmọ́ ṣe ló ń jí wò ó ṣáá. Ìkùukùu bo gbogbo òkè, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bó ṣe wọ yàrá, Bàbá Káfíńtà fìka lé ètè. Ìyá Agbẹ̀bí ló fẹ̀yìn ti àga kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ sílẹ̀, ó ń sùn fọnfọn lójúmọmọ. Ẹ̀rọ náà ń dún wùù, wùù, bí omi tó ń ṣàn níbi tójú ò tó.

Onísólà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, pé kóun kàn sinmi ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ wùù, wùù. Ó ń gbọ́ ewé máńgòrò. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà tí obìnrin méjèèjì jí, ilẹ̀ ti ń ṣú. Jìnnìjìnnì bo Onísólà, ó dìde fùú, ó ń wá fóònù. Àmọ́ Bàbá Káfíńtà ló rí, ó jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là kedere, fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, agogo tòun ti okùn rẹ̀ lọ́wọ́ kejì.

“Ẹ fara balẹ̀,” ló wí. “Èmi ni mò ń ṣọ́ wa. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ mi. Àbí kí n kúkú sọ pé mi ò gbọ́ ìró rẹ̀, torí bẹ́ ẹ ṣe ń hanrun.”