Ẹ Má Nu Fóònù Yẹn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Onímọ́tótó fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà wa kí ọ̀gá tó kó ìdọ̀tí wọlé. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ ni mo pè é ní ìdọ̀tí. Ọ̀gá ní ọ̀làjú ni. Ó kó ìwé oúnjẹ dànù, ó kan fóònù pẹlẹbẹ mọ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á tẹ àwòrán oúnjẹ tó wù ú, èmi á sì rí i ní kíṣìnnì.

N ò ní purọ́, ó ní ire tirẹ̀. Télọ̀ kan wà tí kò lè sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, á fọwọ́ júwe títí, a ó tún gbé ohun tí kò fẹ́ fún un. Lọ́jọ́ tó fúnra rẹ̀ tẹ ẹja díndín, tó sì rí ẹja díndín, inú wa dùn.

Ṣùgbọ́n ojú fóònù yẹn! Wọ́n ń fi ọwọ́ ọbẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sín sí i. Ọmọ kan tiẹ̀ lá àwòrán adìẹ, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó rí mi lára. Ìyá Onímọ́tótó, ẹni tó máa ń tún ṣíbí tí a ti fọ̀ fọ̀, mú àkísà tútù, ó ń nu fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé àkísà ń tẹ àwòrán. Abọ́ ọbẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo bù fún tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Ọ̀gá gbaná jẹ. "Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀ nu fóònù mọ́ títí a ó fi ṣíwọ́. Bí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án, ilé yá nìyẹn."

"Ọ̀gá, ẹ kúkú kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á kí n tó nù ún."

"Kò sáyè ìyẹn."

Opó ni, iṣẹ́ yìí ló fi ń rán ọmọ níléèwé. Ó fi àkísà sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀gá mú ìyá tó bí i wá jẹun. Bí màmá ṣe fẹ́ fọwọ́ tẹ fóònù, ọ̀gá ní, "Màámi, ẹ dúró ná." Ó pa á, ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó nù ún dáadáa, ó tún tàn án. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Áńkáṣíìfù náà dúdú.

Ìyá Onímọ́tótó gbé àwo sílẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ìyá tiyín nìkan ló ní ikùn ni?"

Ìyá Onímọ́tótó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì, ó sì jáde. Màmá ọ̀gá wo ọmọ rẹ̀, ó wo áńkáṣíìfù, ó ní kó gbé òun lọ sílé.